Ta Ló Máa Dúró fún Ọ? Ìtàn Tó Wà Nídìí Ìbéèrè "Kí Ló Dé Tí O Fi Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Báǹkì?"

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ti jókòó síwájú àwọn ọ̀gá báǹkì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mọ̀ dáadáa: "Kí ló dé tí o fi fẹ́ ṣiṣẹ́ nídìí owó?" Bí ẹni tí wọ́n ń bi bá ka ìṣirò owó tàbí ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, ìbéèrè náà kì í le. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló kà, ìbéèrè náà máa ń ní ìrù: "Yorùbá? Kí wá ni Yorùbá fẹ́ ṣe ní báǹkì?" Ẹ̀rín díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ló ti bá ẹ̀rín yẹn pàdé, àwa tó kù díẹ̀ ká di àgùnbánirọ̀ sì ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìdáhùn tí àwọn èèyàn ń há sórí fún un kò pọ̀. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìṣirò." "Báǹkì yín ló ta gbogbo báǹkì yòókù yọ." "Mo fẹ́ràn kí n máa bá èèyàn ṣe." Ẹni tó ń dáhùn mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń béèrè náà sì mọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ló sọ ọ́ ní ọdún tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò nílò irọ́ yẹn. Ìtàn iṣẹ́ owó láàárín àwọn èèyàn wa wà nínú ohun tí a ń kọ́, ìtàn náà sì ní ìdáhùn tirẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, a ó rí i pé àwọn àgbà kì í bi ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú owó olówó pé kí ló fẹ́ràn. "Ta ló máa dúró fún ọ?" ni wọ́n ń béèrè. Ìbéèrè méjèèjì kò jọra.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ẹyọ. Ẹyọ kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni èyí tó kéré ti wá. Nígbà tó di nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tó tóbi jù ú lọ wá láti agbègbè Zanzibar, ẹyọ sì pọ̀ lọ́jà débi pé iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún géńdé. Ẹ wá wo iṣẹ́ tó wà nínú kí oníṣòwò kan san ọ̀kẹ́ mẹ́wàá: ẹni tó máa kà á, ẹni tó máa sín in sókùn, ẹni tó máa rù ú, ẹni tó máa tún un kà níbi tó ń lọ. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi ọwọ́ fà á lórí ilẹ̀. Àlùfáà Adolphus Mann, tó kọ̀wé nípa òǹkà Yorùbá ní 1887, gbà pé inú kíka ẹyọ gan-an ni òǹkà wa ti gba ìrísí tó ní. Gbogbo ẹni tí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ti dá láàmú ní ọdún kìíní mọ ohun tí à ń wí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ò mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà, ẹ ní kó bá yín ka 775 lédè Yorùbá láìfi ìwé ṣe é.

Àmọ́ kíkà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ owó. Ẹni tó bá gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ní láti tún gbogbo rẹ̀ kà. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán lè gbé e sílé kó lọ sùn. Ìgbẹ́kẹ̀lé máa ń dín iṣẹ́ kù, ó sì máa ń dín ìnáwó kù. Ibẹ̀ ni èésú ti wọlé.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897 tí wọ́n wá tẹ̀ ní 1921, ṣàlàyé èésú ní ṣókí: àwọn èèyàn á fi ẹnu kò sí iye kan, oníkálùkù á máa dá a ní àkókò tí wọ́n dá, ẹnìkan á sì máa kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tò ó bí èèyàn bá pọ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, tẹ àròkọ kan jáde ní 1952 lórí èésú. Ó ṣàlàyé pé bí èésú bá tóbi, wọ́n á pín in sí ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á sì ní olórí. Olórí ọ̀nà ló mọ àwọn èèyàn tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń dá owó sí, òun náà ló sì ń jíhìn fún ẹni tó dá èésú sílẹ̀. Ẹni tó dá a sílẹ̀ lè má mọ ẹni tó wà ní ọ̀nà kẹrin rárá. Bí ẹnìkan bá kó èésú tán tó wá sá, olórí ọ̀nà ni wọ́n máa bi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Ètò owó tí ẹgbẹ̀ta èèyàn tí kò mọ ara wọn lè wà nínú rẹ̀, tí kò sí ìwé kankan, tí kò sí ọlọ́pàá, tó sì ń rìn, nítorí pé láàárín ẹni méjì méjì tó bá so ara wọn pọ̀, ẹnìkan ti mọ ẹnìkejì. Iṣẹ́ tí olórí ọ̀nà ń ṣe yìí, ká mọ ẹni tí a lè gba owó rẹ̀ wọlé, ká mọ ẹni tó yẹ kó kó ṣáájú àti ẹni tó yẹ ká fi sẹ́yìn nítorí pé ó lè má dá mọ́ tó bá ti kó tirẹ̀ tán, iṣẹ́ báǹkì ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ètò yìí sọdá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Melville àti Frances Herskovits rí i ní abúlé Toco nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1939. Ní ìlú Salvador ní Bàhíà, àwọn ọmọ Áfíríkà, tí àwọn Nàgó pọ̀ nínú wọn, ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní junta, níbi tí wọ́n ti ń dá owó jọ láti ra òmìnira ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti gba òmìnira á ṣì máa dá owó kí ti àwọn yòókù lè pé. Bí ẹnìkan bá bi akápò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tó fi yan iṣẹ́ owó, ìdáhùn rẹ̀ kò ní gùn.

Nílé níbí, alájọ ni ẹni tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù. Alájọ á máa yí ọjà ká lójoojúmọ́, á gba iye tí oníkálùkù bá lè dá, á sàmì sí káàdì, tó bá di ìparí oṣù á kó owó fún olówó, á sì mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èlé kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi owó pamọ́ ló ń sanwó fún ẹni tó ń bá a pa á mọ́, èyí tó máa ń ya àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò ya ìyá aláta lẹ́nu rárá: ó mọ̀ pé bí owó yẹn bá wà nínú ìgbà òun, ọmọ á béèrè, àna á béèrè, òkú á kú ní ìdílé kan. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa alájọ Ṣómólú, pé orí rẹ̀ pé débi tó fi ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Àwàdà kọ́ o. Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ó kú ní 2012 lẹ́yìn tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ta mọ́tò nítorí pé mọ́tò kò lè wọ kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé kì í kọ orúkọ, orí ló fi ń mọ iye tí oníkálùkù dá. Ọkùnrin tó yan kẹ̀kẹ́ dípò mọ́tò nítorí oníbàárà ti dáhùn ìbéèrè "kí ló dé" láìla ẹnu.

Bó bá jẹ́ pé àwa ni wọ́n ní ká yan ìtàn kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yẹ kó gbé lọ sí báǹkì, ti òṣómàáló ni a ó yàn. Lẹ́yìn ogun Kírìjí, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886 tí ọmọ ogun sì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tí iṣẹ́ ogun ti bọ́ lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ baba wọn kọjú sí òwò. Wọ́n á ra aṣọ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, wọ́n á rù ú lọ sí abúlé tó jìnnà, wọ́n á tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí kò lè san án lẹ́ẹ̀kan. Àgbẹ̀ á san díẹ̀, aṣọ á di tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, òṣómàáló á sì padà wá gba ìyókù. J. D. Y. Peel kọ̀wé lórí wọn nínú ìwé tó ṣe lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà ní 1983.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé iṣẹ́ náà: òṣó ni màá ló títí n óò fi gba owó mi. Kò ní jókòó, nítorí ẹni tó bá jókòó ti di àlejò, wọ́n á fún un lóńjẹ, ọ̀rọ̀ á dọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kò ní dúró, nítorí ẹni tó dúró lè lọ nígbàkígbà. Ó máa lóṣòó ni, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ará abúlé ti ń rí i. Ìtìjú ni dúkìá tí ó fi dúró fún gbèsè. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ yìí, tí wọ́n ń fi bú ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kì í ronú nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó di ọjọ́ òṣó: ọkùnrin yìí ti wo ojú àgbẹ̀, ó ti mọ ìgbà tí irè máa dé, ó ti mọ ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tí ilẹ̀ kàn ṣẹ́ mọ́, ó sì ti fi owó ara rẹ̀ lélẹ̀ lórí ohun tó rò nípa èèyàn. Bó bá ṣìnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn án. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá tó kọ́ wọn. Kí ló mú wọn ṣe é? Kí wọ́n lè ní owó òwò tiwọn, kí wọ́n kọ́lé sí Iléṣà, kí wọ́n rán ọmọ lọ síléèwé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní tijú láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ ká sọ apá kejì náà, torí ẹni tó bá lọ sọ fún wọn ní báǹkì pé gbogbo ètò owó Yorùbá ló dùn bí oyin, ìtàn ni kò kà. Ìwọ̀fà wà. Ẹni tó bá yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ yẹn sì ni èlé. Bó ṣe wù kó sìn pẹ́ tó, ojú owó ò dín ní ẹyọ kan. Ológò wà, ẹni tí olówó máa ń rán lọ jókòó ti onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa pa adìẹ ilé jẹ, títí ìdílé yóò fi wá owó. Sógundogójì sì wà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iye èlé tó ń gbà: ogún ló yá ọ, ogójì ni kó o dá padà. Inú gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ náà onígbọ̀wọ́ ti jáde. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dúró fún ẹni tó ń yáwó. Bí onígbèsè bá na pápá bora, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń bọ̀. Nítorí náà, kì í yá èèyàn lára láti gbọ̀wọ́ fún ẹlòmíì.

Ẹ tún wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni a fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà ìkà ni a fi mọ̀ ọ́n. Bọ́láńlé Awẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1992 láti ojú ìtàn, ohun tí a rí níbẹ̀ sì yàtọ̀: Ìyálóde tó jẹ́ oníṣòwò ńlá, tó ń fi ohun ìjà fún àwọn olórí ogun Ìbàdàn láwìn. Nígbà tó di pé kò fẹ́ fún wọn mọ́, tí òun àti Ààrẹ Látòósà kò sì gbọ́ ara wọn yé lórí ogun, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á ní 1874. A ò sọ pé kò ṣìkà. A ń sọ pé ọ̀kan nínú ohun tó pa á ni ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ báǹkì: àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè lágbára jù ú lọ. Ẹgbẹ́ wa kan ní kíláàsì ní òun kò ní ka eré yẹn bákan náà mọ́ láéláé, a sì gbà fún un.

Báǹkì òyìnbó àkọ́kọ́ dé Èkó ní 1892, ìyẹn African Banking Corporation. Nígbà tó di 1894, Bank of British West Africa ti dìde, òun ló di First Bank lónìí. Colonial Bank dé ní 1917, ó di Barclays ní 1925. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ọmọ ilẹ̀ wa rí ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ tó ní iyì ni, tí ìyá máa ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ayọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa tó bá lọ yáwó níbẹ̀ kì í sábà rí i gbà. Báǹkì kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ohun tí wọ́n lè gbà dúró, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe lè gba ọ̀rọ̀ olórí ọ̀nà gbọ́.

Èyí ló bí báǹkì tiwa. Winifried Tete-Ansa, ọmọ Gánà, dá Industrial and Commercial Bank sílẹ̀ ní 1929, ó wó ní 1930. Ó tún dá Mercantile Bank sílẹ̀ ní 1931, ó wó ní 1936. Láàárín ìwólulẹ̀ méjèèjì yẹn, ní 1933, Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, ìyẹn kò sì wó. Ní 1945, Olóyè Okupe dá Agbọ́nmágbẹ Bank sílẹ̀, èyí tó di Wema ní 1969. Bí ẹ bá bi Májà pé kí ló dé, dókítà ìṣègùn ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìfẹ́ nọ́ńbà ló gbé e débẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé owó àwọn èèyàn wa wà nílé onílé, àwọn fúnra wọn kò sì lè yá a.

Àmọ́ ìdí rere nìkan kò tó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, báǹkì hù bí olú. Ìjọba rán G. D. Paton láti Bank of England wá ṣe ìwádìí ní 1948, òfin báǹkì àkọ́kọ́ jáde ní 1952, ọ̀pọ̀ báǹkì kéékèèké sì ti kógbá sílé kí ọdún díẹ̀ tó kọjá. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ gbájúẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ olóòótọ́ tí kò mọ ìwé owó kà. Ohun tó ṣáìsí ni ẹni tó lè yẹ ìwé wò. Ọdún kan náà tí òfin yẹn jáde ni Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di aṣírò owó àgbà ní 1949, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ó kú ní 2023, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti olórí ọ̀nà: ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé iṣẹ́ kan ń sọ fún àwọn tí kò rí inú ilé iṣẹ́ náà pé, "Mo ti wò ó, mo dúró fún un." Onígbọ̀wọ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń gbọ̀wọ́.

Kí ló wá mú kí báǹkì máa pe akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rárá? Ọjọ́ orí ètò yẹn kò gùn. Nígbà tí ìjọba Babangida tú ètò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ ní 1986, ìwé àṣẹ báǹkì di ohun tí wọ́n ń rí gbà, nígbà tó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iye báǹkì ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn báǹkì tuntun yìí nílò ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó lè wọ aṣọ dáadáa jáde lọ wá olówó. Wọn ò bìkítà ohun tó kà. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè "kí ló dé" di dandan, torí ìwé ẹ̀rí kò lè dáhùn rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà wọlé, èyí tó sọ ọ̀pọ̀ wọn di òṣómàáló ní òdìkejì: wọ́n ń lóṣòó ti ẹni tó lówó kó lè wá fi pamọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì. Báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í wó, òfin jáde ní 1994 láti gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn wó. Ní 2004, Charles Soludo ní Báǹkì Àpapọ̀ ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, ìgbà tí 2005 parí, báǹkì 89 ti di 25. Ní 2009, Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá báǹkì mẹ́jọ. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tó ṣubú nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn ìṣirò tó. Wọ́n yá owó fún ẹni tí kò yẹ kí wọ́n yá, ní ọ̀pọ̀ ìgbà torí pé ó jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí torí pé òun gan-an ló ni báǹkì.

Nítorí náà, ìdáhùn wa rè é o. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá rò ó. Ẹ wá olórí ọ̀nà tó wà nínú ìdílé yín. Ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń kó èésú ọjà jọ, bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀gbọ́n tó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ bi í bó ṣe ń mọ ẹni tó máa san àti ẹni tí kò ní san, àti ohun tó ṣe ní ọjọ́ tí ẹnìkan jẹ owó náà. Bí ẹ bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí, ẹ sọ iye tó wọlé àti bí ẹ ṣe jíhìn rẹ̀. Akápò náà ni orúkọ tí à ń pe ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀rúnmìlà, torí náà ipò yẹn dàgbà ju ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yín fi kún un. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ṣì ń ya "yá" sọ́tọ̀ kúrò lára "wín": ohun tí a yá, òun gan-an ni a ń dá padà, ohun tí a wín, irú rẹ̀ ni a ń dá padà. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ yìí lè ṣàlàyé ìwé owó yíyá fún ìyá ọlọ́jà kó sì yé e kó tó tẹ ìka, èyí tó wúlò fún báǹkì ju ìfẹ́ nọ́ńbà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè sọ pé owó oṣù wà nínú ìdí yín. Òṣómàáló kò fi í pa mọ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan, ẹ sì ti kọ́ Excel kí ẹ tó débẹ̀, torí ìyẹn ni wọ́n máa béèrè tẹ̀ lé e, kò sì sí ìtàn tó lè bá yín dáhùn rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá gbà yín, ìwé kan máa jáde. Ẹni méjì tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé bí ẹ bá sá pẹ̀lú owó báǹkì, àwọn ni kí wọ́n mú. Lẹ́yìn gbogbo Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ìbéèrè àwọn àgbà ni báǹkì tún padà sí. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn méjì náà báyìí, torí ọ̀pọ̀ àbúrò bàbá ló máa gba ìwé yẹn, tí wọ́n á kà á látòkè délẹ̀, tí wọ́n á yọ ìgò ojú wọn, tí wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé.